Ṣé ọ̀la ti wà níbì kan tó ń dúró dè wá ni?

Ọmọ Àyétòrò béèrè:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí orí mi tó fọ́. Ọjọ́ Sunday tó kọjá la ṣe ìpàdé ẹbí nílé wa ní Òṣogbo níbí. Ilẹ̀ kan wà lọ́nà Ìkìrun, pílọ́ọ̀tì mẹ́fà, oko bàbá bàbá mi ni tẹ́lẹ̀ kí ìlú tó dé ibẹ̀. Àwa ọmọ-ọmọ ní ká tà á ká pín owó, ẹ̀yin náà mọ bí ọjà ṣe rí báyìí. Ni Bàbá Àgbà bá dìde, wọ́n ní ilẹ̀ yẹn kì í ṣe tiwa rárá, ti àwọn tí wọn ò tíì bí ni. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní yunifásítì náà fò sókè, ó ní ìwé ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé èèyàn dúdú ò ní ọjọ́ iwájú nínú èrò, pé àná àti òní nìkan la mọ̀, fìlọ́sọ́fà kan tó ń jẹ́ Mbiti ló sọ ọ́, ẹ̀yin àgbà wá ń sọ ti ọmọ tí wọn ò tíì bí, níbo lẹ ti rí i? Àǹtí wa kan ní kí gbogbo wa panu mọ́, kádàrá ti kọ ibi tí ilẹ̀ náà máa já sí, ẹ tà á o, ẹ má tà á o, ibẹ̀ náà ló máa já sí. Bí ìpàdé ṣe tú nìyẹn, kálukú bínú gba ilé ẹ̀ lọ, wọ́n wá ní kí n wá fọwọ́ sí ìwé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ta ló tọ̀nà nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ṣé ọ̀la ti wà níbì kan tó ń dúró dè wá, àbí kò tíì sí rárá? Ẹ̀gbọ́n Télọ̀, mo mọ̀ pé ẹ ka fìlọ́sọ́fì kẹ́ ẹ tó jókòó ti maṣíìnì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ẹ má bínú o, aṣọ mi náà ńkọ́?

* * *

Ẹ̀gbọ́n Télọ̀:

Ọ̀túnla ni aṣọ ẹ, fọkàn balẹ̀. Iná ò sí ní ṣọ́ọ̀bù ní báyìí, torí náà àlàyé ló yá jù lọ́wọ́ mi.

Jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ Mbiti bẹ̀rẹ̀ torí òun ni wọ́n fi pa yín lẹ́nu mọ́. Ọmọ Kenya ni, àlùfáà ni, ọdún 1969 ló gbé ìwé tó dá gbogbo awuyewuye yìí sílẹ̀ jáde. Ohun tó wí ni pé ìgbà lọ́dọ̀ èèyàn dúdú ò ju méjì lọ, àná tó gùn lọ réré, àti òní, pé ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ìgbà, àfi èyí tó dájú pé ó ń bọ̀, bíi kí oòrùn là. Ó fi ọ̀rọ̀ Swahili méjì pè é, Sasa fún òní, Zamani fún àná. Èdè Kikamba àti Gikuyu ló ti mú ẹ̀rí ẹ̀, ó to ọ̀rọ̀ ìṣe wọn jọ, ó ní èyí tó sọ nípa iwájú ò kọjá nǹkan bí oṣù mẹ́fà, tó bá pọ̀ jù, ọdún méjì.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká gbé òṣùwọ̀n kan náà wọn Yorùbá. "Mo jẹ iyán." Níbo ni ọ̀rọ̀ yẹn ti sọ fún ẹ pé àná ni? Kò sọ. Ìwọ lo fi òye gbé e. Ọ̀rọ̀ ìṣe wa ò ní àmì kankan tó fi ń sọ pé nǹkan ti kọjá lọ lánàá. Tó bá wá di ti ọ̀la, ẹ wo ẹrù: màá jẹ, n ó jẹ, á jẹ, yóò jẹ, mi ò níí jẹ. Ṣé ẹ rí i? Tó bá jẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìṣe ṣe rí ni èrò àwọn tó ń sọ ọ́ ṣe rí, a jẹ́ pé Yorùbá ní ọ̀la, àná ni ò ní! Yorùbá tó ń fi oríkì pe baba ńlá tó kú láti ayébáyé bí ẹni pé ó jókòó síwájú ẹ̀! Òṣùwọ̀n yẹn ló wọ́.

Mi ò tíì ka "àmọ́dún" o. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò gba ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọdún tó ń bọ̀ ló ń jẹ́. Tá a bá jẹun ọdún tán, "à ṣèyí ṣàmọ́dún" là ń wí. Bẹ́ẹ̀ náà lèèyàn Akan ní Ghana ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún ọjọ́ iwájú, Kwame Gyekye, fìlọ́sọ́fà ọmọ Ghana, fi lé Mbiti lọ́wọ́ ní 1987, ó ní o ò lè ti ibi èdè méjì bẹ̀rẹ̀ kó o wá parí ẹ̀ sórí gbogbo Áfíríkà. Kí ẹ̀gbọ́n ẹ lọ ka ìyẹn náà kó tó tún dìde nípàdé.

* * *

Ìyá Ìbejì, Ọjà Ọba:

Gbogbo gírámà yìí dáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Mo lọ ìnáwó lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, aago mẹ́wàá ni wọ́n kọ sínú káàdì, aago méjì ààbọ̀ ni wọ́n ń to àga. Ẹlẹ́ran mi ní òun ń bọ̀ nísinsìnyí, ìrọ̀lẹ́ ni mo rí i. Mbiti jàre! A ò mọ ìgbà.

* * *

Ẹ̀gbọ́n Télọ̀:

Ìyá Ìbejì mi, ọ̀tọ̀ ni ká pẹ́, ọ̀tọ̀ ni ká má mọ ìgbà. Ẹni tó kọ aago mẹ́wàá sínú káàdì mọ̀ pé ẹ máa dé ní méjìlá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi kọ mẹ́wàá. Ìyẹn gan-an, ìṣirò ọjọ́ iwájú ni! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá àjọ lọ́jà, tẹ́ ẹ mọ ẹni tó máa kó o lẹ́ẹ̀kẹjọ àtẹni tó máa kó o lẹ́ẹ̀kẹsàn-án, ta ló máa sọ fún yín pé ẹ ò mọ ọ̀la?

Ẹ tún wo bá a ṣe ń ka ọjọ́ tẹ́lẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje tó gbilẹ̀. Ọjà ọrọọrún, tẹ́ ẹ bá fi ti òyìnbó kà á, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló ń bọ́ sí. Ìtàdógún tá a ń pè ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, mẹ́rìndínlógún lòyìnbó máa kà. Wọ́n ní ìṣirò wa ò péye. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, a ka òní mọ́ ọn ni. Ọjọ́ tó o dá àdéhùn ti di ọjọ́ kìíní àdéhùn yẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti ronú débẹ̀ ni mi ò ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré mọ́: lọ́dọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ kà á bẹ́ẹ̀, òní ni ọ̀la ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìnáwó aago mẹ́wàá yẹn, ẹ jẹ́ ká máa fi ṣépè fún wọn o.

* * *

Alájì Òkè-Baálẹ̀:

Àǹtí yẹn ló tọ̀nà jù nínú wọn, ẹ ò kàn fẹ́ gbà ni. Àyànmọ́ ò gbóògùn. Mùsùlùmí gba kádàrá gbọ́, onísẹ̀ṣe gba àkúnlẹ̀yàn gbọ́, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà ní Ọlọ́run mọ òpin láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la fẹnu kò, kí la tún ń jà sí?

* * *

Ẹ̀gbọ́n Télọ̀:

Alájì, mo kí yín o. Ṣùgbọ́n tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí babaláwo fi ń dífá ọrọọrún? Ẹ fún mi lésì ìyẹn. "Bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún." Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a kàn ń fi í ṣàdúrà kiri láìwo inú ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọ̀la ti wà nílẹ̀ bí ilé tí wọ́n ti kọ́ tán, ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn máa dífá láyé, wọ́n á kọ ọ́ lé e lọ́wọ́, á sì máa lọ. Ọjọ́ tá a bí ọmọ, wọ́n dá ẹsẹ̀-ǹ-tayé, ó parí. Kò parí! Wọ́n tún padà wá, wọ́n tún ń bi í, wọ́n tún ń rúbọ. Ta ló ń rúbọ sí ohun tí kò lè yí padà?

Àkúnlẹ̀yàn gan-an, ẹ tún ìtàn ẹ̀ gbọ́. Oríṣẹ̀ẹ́kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ jọ lọ yan orí nílé Àjàlá amọ̀kòkò. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ò bi ẹnikẹ́ni, wọ́n gbé orí tó dán, kò jinná, òjò pa á lójú ọ̀nà ó sì ń bó. Afùwàpẹ́ ya ọ̀dọ̀ bàbá ẹ̀, wọ́n difá fún un, ó rúbọ, wọ́n ní kó mú iyọ̀ dání, ó bu iyọ̀ yẹn sí ọbẹ̀ oníbodè kan, ìyẹn ló mú kí oníbodè ràn án lọ́wọ́ tó fi yan orí tó le. Iyọ̀ o! Ní ọ̀run níbi tí wọ́n ti ń kọ kádàrá gan-an, iyọ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Kádàrá wà, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n àyè wà nínú ẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiyín náà Alájì, ṣebí hàdíìsì wà pé so ràkúnmí ẹ kó o tó gbára lé Ọlọ́run.

Àwọn Gíríìkì ti ja ìjà yìí. Aristotle mú ogun ojú omi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnì kan ní ogun máa wà lójú omi lọ́la, ẹnì kejì ní kò níí sí. Ṣé ọ̀kan nínú wọn ti ń sọ òótọ́ láti òní? Tó bá jẹ́ òótọ́ ni láti òní, kí lẹ tún ń gbìmọ̀ sí, kí lẹ ń pọ́n idà sí, kí ẹ lọ sùn. Ó ní rárá: dandan ni pé ó máa wà tàbí kó má wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan pé kó wà, kì í sì í ṣe dandan pé kó má wà. Ọdún wo lẹ rò pé ìyẹn? Ó ti ju ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lọ, wọn ò sì tíì parí ẹ̀.

Télọ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí ju Aristotle lọ. Tí mo bá ní "ọ̀túnla", kọ́sítọ́mà á ní irọ́ ni mò ń pa. Kì í ṣe irọ́! Àsìkò tí mo ń sọ ọ́, kò tíì di irọ́, kò tíì di òótọ́. Ó kù sọ́wọ́ iná, ó kù sọ́wọ́ ọmọṣẹ́ mi, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó máa wọlé lójijì pé òkú ṣubú lù wọ́n, kí n bá wọn rán aṣọ ẹbí fún ogún èèyàn.

* * *

Ìyá Ìbejì, Ọjà Ọba:

Ha! Ẹ gbọ́ ẹnu télọ̀. Ẹ ti fi Aristotle bo irọ́ mọ́lẹ̀.

* * *

Ọmọ Físíìsì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ ń sọ ti babaláwo, sáyẹ́ǹsì ti kúrò níbẹ̀. Láti 1905 ni Einstein ti fi hàn pé kò sí "nísinsìnyí" kan tó kárí gbogbo ayé. Èmi tí mo dúró sí Ọláìyá àti ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré gan-an lójú ọ̀run, ohun tí èmi pè ní "báyìí" lè jẹ́ ohun tó ti kọjá tàbí tó ń bọ̀ lójú tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn fìlọ́sọ́fà kan fi ní àná, òní, ọ̀la, gbogbo ẹ̀ ló wà pọ̀ bíi fíìmù tí wọ́n ti yà tán, àwa la ń wò ó ní díẹ̀díẹ̀. Fìlọ́sọ́fà kan tó ń jẹ́ McTaggart tiẹ̀ ti sọ ní 1908 pé ìgbà ò sí rárá. Àǹtí yẹn ń sọ físíìsì láìmọ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n Télọ̀:

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ẹ. Àbúrò, kì í ṣe gbogbo onífísíìsì ló gbà pé fíìmù ti parí, ìwọ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ gbà á fún ẹ. Fíìmù ti parí, ó dáa. Nínú fíìmù yẹn, ṣé Ọmọ Àyétòrò fọwọ́ sí ìwé àbí kò fọwọ́ sí i? Sọ fún un. O ò mọ̀. Òun náà ò mọ̀, òun sì ni báírò máa wà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Fíìmù tí kò sẹ́ni tó lè wo apá kejì ẹ̀ títí dìgbà tí àwọn tó wà nínú ẹ̀ bá pinnu, iṣẹ́ wo ló ń ṣe fún wa? Bó ṣe jẹ́ lójú ọ̀run, ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀run.

Èyí tó sún mọ́ mi jù ni ti Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni o, wọ́n bí i ní 354 ní Thagaste tó wà ní Algeria lónìí. Ó ní tí ẹnikẹ́ni ò bá bi òun pé kí ni ìgbà, òun mọ̀ ọ́n, tí wọ́n bá ní kóun ṣàlàyé, òun ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó wá mú àpẹẹrẹ Sáàmù téèyàn fẹ́ kà lórí. Kó tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀ wà nínú ìretí. Bó ṣe ń kà á, èyí tó ti kà ń bọ́ sínú ìrántí, èyí tó kù ń dín kù, ẹnu ẹ̀ wà láàárín.

Ìyá mi máa ń kì mí ní àárọ̀ kí n tó jáde. Wọ́n á jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ìdáná, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí baba tó kú tí mi ò rí rí. Mo ń gbọ́ ọ, ọkàn mi ti wà níbi tí wọ́n máa dárúkọ mi sí níparí. Orúkọ òkú ni wọ́n ń pè lọ́wọ́, èmi alààyè ni wọ́n ń rán jáde nílé. Mi ò rò pé Augustine máa bá mi jiyàn níbẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n Télọ̀ (mo tún padà wá, iná ò tíì dé):

Ẹnì kan sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé kí n fi ti fìlọ́sọ́fì sílẹ̀, ìtàn ló ń fi ohun tó ń bọ̀ hàn wá. Ìtàn wo? Hegel, fìlọ́sọ́fà ará Jámánì, ló fẹ́ gbé ìtàn gbogbo ayé sójú ọ̀nà kan ṣoṣo, ó ní ó ń lọ síbì kan, ó wá yọ Áfíríkà kúrò nínú ẹ̀ bí ẹni yọ òkúta nínú ẹ̀wà, kò sì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa rí títí tó fi kú ní 1831. Ní 1989 Fukuyama ti Amẹ́ríkà náà kọ ọ́ pé ó jọ pé ìtàn ti ń parí, ìjọba tiwa-n-tiwa ti borí. Ẹ wo ayé lónìí. "Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn", àwọn tó sọ ìyẹn ò lọ yunifásítì ilẹ̀ Jámánì.

Ọdún 1840, ogun Ìlọrin dé ìdí odi Òṣogbo, Ìbàdàn wá gbèjà, wọ́n ṣẹ́gun Ìlọrin. Lónìí a ń sọ ọ́ bí ẹni pé bó ṣe máa rí náà nìyẹn. Ẹ fi ara yín sípò ẹni tó wà nínú ìlú lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbọ́ pátákò ẹṣin lókèèrè. Ohun tá a ti ka àbájáde ẹ̀ nínú ìwé, ọ̀la tí kò sẹ́ni tó rí ìdí ẹ̀ ni lójú tiwọn. Ẹ̀yìn tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ tán ló ń jọ dandan.

Ẹ tún wo reluwé. 1907 ló dé ìlú yìí, ẹni tó bá gba ilẹ̀ sẹ́bàá ojú irin nígbà yẹn, ó gbà pé òun ti dì mọ́ ọ̀la. Ẹ lọ wo ojú irin yẹn báyìí, ewúrẹ́ ló ń jẹko níbẹ̀, àfi àwọn ìgbà kan tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi reluwé ọ̀fẹ́ kó èèyàn wálé ọdún. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní August 1991, ta ló ń ro ti POS? Lónìí ẹ ò lè rin ogún ẹsẹ̀ ní Old Garage kẹ́ ẹ má rí agboòrùn ẹ̀. Karl Popper, fìlọ́sọ́fà kan, ti fi ìyẹn ṣe àròyé ní 1957: ohun tá a bá máa mọ̀ lọ́la wà lára ohun tó ń yí ìtàn padà, a ò sì lè mọ̀ ọ́n lónìí, torí tá a bá ti mọ̀ ọ́n lónìí, kì í ṣe ìmọ̀ ọ̀la mọ́.

* * *

Ọmọ Àyétòrò:

Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ ń lọ. Ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà lẹ ò tíì fọwọ́ kàn rárá.

* * *

Ẹ̀gbọ́n Télọ̀:

Mo fi ṣe àṣẹ̀yìnwá ni, torí òun ló nira jù.

Ẹ gbọ́ bá a ṣe ń sọ ọ́. A ní "ọjọ́ iwájú", a ní "ọdún mẹ́ta sẹ́yìn", títí débẹ̀ àwa àti òyìnbó jọ ń lọ. Ṣùgbọ́n a tún ń ṣàdúrà pé "kí ẹ̀yìn wa ó dáa", a ní "ẹ̀yìn ọ̀la". Ẹ̀yìn yẹn, ohun tó ń bọ̀ ni! Àwọn baba tó ti kú, "àwọn tó ṣáájú wa", iwájú ni wọ́n wà. Àwọn ọmọ ni "àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn". Bí ẹní tò lórí ìlà ni, àgbà ń lọ níwájú, ọmọ ń tẹ̀ lé e. Ó tún wá lọ́ mọ́ ara wọn, torí pé ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn yẹn, tó bá dé tán, Babátúndé la máa sọ ọ́. Ẹni tó ti lọ ló padà gba ẹ̀yìn wọlé.

Torí náà tí Bàbá Àgbà bá ní ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwọn tí wọn ò tíì bí, kì í ṣe àjèjì ni wọ́n ń kó o fún, lójú tiwọn ó lè jẹ́ ẹni tó ṣán oko yẹn lákọ̀ọ́kọ́ ló ń padà bọ̀. Hannah Arendt náà, Júù ará Jámánì tó sá kúrò níwájú Hitler, kọ ọ́ ní 1958 pé ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀la ṣí sílẹ̀ ni pé wọ́n ń bímọ, gbogbo ọmọ tuntun ló lè bẹ̀rẹ̀ ohun tẹ́nikẹ́ni ò retí. Ibi tí wọ́n ti yà nìyí: Bàbá Àgbà ń retí ẹni tí wọ́n mọ̀, Arendt ń retí ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Tèmi, mo rò pé ọmọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò.

Ẹ lọ wo igbó Ọ̀ṣun. Hẹ́kítà márùndínlọ́gọ́rin. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń gé igi ibẹ̀, tí wọ́n ń dá oko wọnú ẹ̀, tí ojúbọ ń wó, tí ọ̀làjú ní nǹkan àtijọ́ ti tán. Susanne Wenger tó wá láti Austria àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú yìí bíi Adebisi Akanji ló bẹ̀rẹ̀ sí tún un mọ. Ní 1965 wọ́n sọ apá kan ẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba, ní 2005 UNESCO gbà á. Nígbà tí wọ́n ń po sìmẹ́ńtì yẹn, ẹlòmíì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àná tí wọ́n ti fẹ́ sin ló tún lanu. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó pàtẹ́wọ́, ẹ wo odò náà báyìí, láti ìgbà tí wọ́n ti ń wa góòlù lókè odò, àwọ̀ ẹ̀ ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Igbó wà, omi ń bàjẹ́.

* * *

Ìyá Ìbejì, Ọjà Ọba:

Ẹ ti sọ ọ́ tán, jẹ́ kí n bi yín. Ọmọ tí wọn ò tíì bí, ṣé ó ń san owó ilé ìwé? Ṣé ó ń ra oògùn? Èyí tá a ti bí tó wà nílẹ̀ ńkọ́? Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń sọ ti "ìran tó ń bọ̀". Àwa tá à ń fi ẹ̀yìn gbé ìran náà, owó garri la ń wá.

* * *

Ẹ̀gbọ́n Télọ̀:

Mi ò lè fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Mo ti wà ní ọdún kejì ní yunifásítì nígbà tí owó tán. Bàbá mi ní ilẹ̀ kan, ó tó ó tà fún owó ilé ìwé mi ní ìlọ́po mẹ́ta. Wọn ò tà á. Wọ́n ní ogún àwọn ọmọ mi ni. Mo ní èwo lọmọ mi, èmi tí mi ò tíì ní ìyàwó? Mo jókòó sílé fún ọdún méjì gbáko. Mo bínú débi pé mi ò kí wọn láàárọ̀. Inú ọdún méjì yẹn ni mo lọ ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ àdúgbò torí mi ò fẹ́ máa wo ojú bàbá mi, ọ̀gá náà ní tí mi ò bá níí dìde kí n kúkú bá òun fi bọ́tìnnì. Iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ mi títí dòní, òun náà ló sanwó tí mo fi padà lọ parí fìlọ́sọ́fì.

Ṣé bàbá mi rí èyí tẹ́lẹ̀ ni? Kò rí nǹkan kan. Ṣé wọ́n ṣe é dáa? Mi ò tíì mọ̀. Ilẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, ẹni tí a ò mọ̀ gbin ẹ̀gẹ́ sí i, ọmọ mi àgbà sì sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé òun ò níí gbé Òṣogbo. Torí náà Ìyá Ìbejì, ẹ ò jẹ̀bi. Ẹni tó fi ọ̀la tẹ òní pa, kò mọ ọ̀la tó rò pé òun mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bá a ṣe ń rán yúnífọ́ọ̀mù. Ìyá ọmọ á wọlé, á ní "Bọ̀dá, ẹ fi áláwánsì sílẹ̀ o." Mi ò mọ bí ọmọ yẹn ṣe máa ga tó. Mo ká etí ìsàlẹ̀ sínú tó ínǹṣì méjì, mo fi bí ínǹṣì kan sílẹ̀ nínú ojú rírán lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, mo sì fi òwú rírán gígùn dì í kó lè rọrùn láti tú. Tó bá di ọdún méjì, ìyá á padà wá, màá fi bíléèdì tú u, aṣọ tó wà nínú á ṣì dúdú minimini, èyí tó wà níta á ti ṣá. Ẹni tó gé gbogbo ẹ̀ dànù kí aṣọ lè jókòó dáa lónìí, kò sí bó ṣe máa dá a padà.

Ilẹ̀ tẹ́ ẹ tà, ẹ ò lè tú u. Èyí tẹ́ ẹ fi háyà, ẹ lè tú u. Tó bá jẹ́ èmi, màá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọn ilẹ̀, kẹ́ ẹ ní sáfè ní orúkọ ẹbí, torí ilẹ̀ tí kò ní ìwé, ẹlòmíì á bá yín tà á kí ọmọ tí wọn ò tíì bí tó dé. Pílọ́ọ̀tì méjì tó kan títì, ẹ fi háyà fún oníbúlọ́ọ̀kù fún ọdún márùn-ún, kẹ́ ẹ pín owó náà, kí ti ilé ìwé àwọn ọmọ kọ́kọ́ jáde nínú ẹ̀. Mẹ́rin tó kù, ẹ jẹ́ kó wà. Má fọwọ́ sí ìwé tó jẹ́ inú bíbí ló kọ ọ́.

* * *

Ọmọ Físíìsì:

Áláwánsì tó bá pọ̀ jù, aṣọ á wú ọmọ lára, ojú á máa tì í níwájú ẹgbẹ́ ẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n Télọ̀:

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ o. Mo ti rán irú ẹ̀ rí, ọmọ yẹn ò wọ̀ ọ́ dé ọ̀sẹ̀ kejì. Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ wà nìyẹn, kò sí ìwé tó kọ iye ínǹṣì.

* * *

Ọmọ Àyétòrò:

Ẹ kú àlàyé o gbogbo yín. Mo lọ bá Bàbá Àgbà lánàá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ háyà yẹn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kí n ka ti oníbúlọ́ọ̀kù yẹn fún àwọn lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n wá bi mí pé ta ló máa sanwó sáfè. Mi ò tíì mọ èyí tí ìyẹn jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àǹtí ní bó ṣe wà nínú kádàrá náà nìyẹn, òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ka Mbiti ní kí n fi ti Gyekye yẹn ránṣẹ́ sóun. Mi ò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n Télọ̀, ọ̀túnla tẹ́ ẹ wí lórí aṣọ mi ti di ìjẹta o.